Òkú Èkó ní Etí Òkun

Àwọn àgbà wí pé a kì í gbé ẹ̀bá odò kí a máa fi itọ́ ṣan ọwọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó wá sí wa lọ́kàn ní ìsinmi Àjíǹde tí ó kọjá, nígbà tí a dúró ní èbúté Marina ní Badagry, tí a ń wo àwọn ará Èkó bí wọ́n ti ń kó ẹrù sínú ọkọ̀ láti ré ọ̀sà kọjá lọ sí etí òkun. A rí ìkòkò ìrẹsì, a rí adìẹ díndín, a rí búrẹ́dì tí a fi aṣọ wé bí ọmọ tuntun. Ọkùnrin kan tí ó wọ ṣòkòtò péńpé di abọ́ ńlá kan mú ṣinṣin, kò sì jẹ́ kí ọmọ ọlọ́kọ̀ bá òun gbé e. A bi í léèrè ohun iyebíye tí ó wà nínú rẹ̀. Ó ní ẹja díndín ni, pé ìyàwó òun ni ó fi òru dín in ní Sùúrùlérè. Ẹja, ẹ̀yin ará! Ó ń gbé ẹja lọ fún òkun.

A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́ ní ẹnu wa, nítorí pé nígbà tí ó kan ọkọ̀ tiwa, ìyá àwọn ọmọ wa pè wá kí a wá gbé kúlà méjì, àpò gàrí kan, àti agolo ẹja mẹ́fà. Àwa pẹ̀lú kò sàn jù wọ́n lọ.

Gbogbo ènìyàn ni ó mọ̀ pé ó ti di àṣà àwọn ará Èkó tí apá wọ́n ká a láti háyà ilé kékeré ní etí òkun nígbà ìsinmi, kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ sí wọn lára, kí àwọn ọmọ sì lè ṣeré nínú iyanrìn. A kò bá ẹnikẹ́ni wí nítorí èyí. Ẹni tí ó ti jókòó ti ìwé ìṣirò láti oṣù Kínní kò jẹ̀bi bí ó bá fẹ́ gbọ́ ariwo mìíràn yàtọ̀ sí ti mọ́tò àti ti ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀ràn ọ̀nà ọ̀fun nìkan ni a ní í bá wọn sọ. A ń san owó gọbọi kí a lè sún mọ́ òkun, a ń fara da wàhálà títì Badagry, èyí tí iṣẹ́ mímú un gbòòrò ti bẹ̀rẹ̀ láti 2009, a sì ń wọ ọkọ̀ kọjá ọ̀sà. Ṣùgbọ́n bí a bá dé ọ̀hún, a ti ilẹ̀kùn mọ́rí, a sì jẹ oúnjẹ àná láti ilé.

Ilé tí a háyà wà lórí ilẹ̀ tóóró tí ó wà láàárín ọ̀sà àti òkun, ní apá Gberefu. Ọjọ́rú ni a dé, a sì wà níbẹ̀ títí di ọjọ́ Ajé Àjíǹde, àwa mẹ́sàn-án, ọmọdé márùn-ún nínú wa. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, yìnyín inú kúlà ti yọ́ tán, ìrẹsì ti kan, ọbẹ̀ sì ń hó láìsí iná. Ebi ni ó lé wa jáde, kì í ṣe ọgbọ́n. A fẹ́ kí èyí yé ònkàwé, kí ó má baà rò pé a fi ara wa ṣe olùkọ́ni.

Orin ni a kọ́kọ́ gbọ́. Àwọn tí ń fa àwọ̀n ni wọ́n ń kọ ọ́. Ẹni tí kò bá tí ì rí iṣẹ́ yìí rí, kí ó lọ wò ó: ọkọ̀ kan a gbé àwọ̀n jáde kọjá ibi tí ìgbì ti ń fọ́, a yí i ká nínú agbami, a sì dá okùn rẹ̀ kejì padà sí èbúté ní ọ̀nà jíjìn sí ti àkọ́kọ́, nígbà náà ni àwọn ènìyàn a tò sí ìdí okùn méjèèjì, ọkùnrin àti obìnrin àti ọmọdé, wọn a sì máa fà á bọ̀ díẹ̀díẹ̀, títí oòrùn yóò fi gun òkè. Ẹ̀gùn ni púpọ̀ nínú wọn. Àwọn mìíràn jẹ́ ọmọ àwọn apẹja Kẹ̀ta tí ó ti ilẹ̀ Gold Coast ìgbà nì wá, tí wọ́n sì ti di ará ibẹ̀. Nígbà tí ẹnu àwọ̀n fi máa kan ilẹ̀, àwọn obìnrin ti dúró pẹ̀lú abọ́ lórí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ṣawá ni ó pọ̀ jù, pẹ̀lú ọ̀bọ̀kún mélòó kan, akàn tí inú ń bí, àti kútà mẹ́ta gígùn tí eyín wọn dà bí ayùn.

Ní ìdí igi àgbọn kan, ìyá arúgbó kan ti gbé agbada sórí òkúta mẹ́ta. Kò ní tábìlì, kò sì ní àga. Ọkọ̀ ògbólógbòó kan tí a dojú rẹ̀ dé ni àwọn oníbàárà rẹ̀ ń jókòó lé. A kí i, ó sì wò wá láti òkè dé ilẹ̀.

“Ṣé ẹ̀yin ni ẹ wọ inú ilé funfun nì ní àná, ẹ̀yin tí ẹ gbé oúnjẹ yín wá?”

A ní, “Àwa ni, ìyá,” ojú sì tì wá díẹ̀.

“Ẹ máà jẹ́ kí ojú ó tì yín. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo yín ń ṣe. Wọ́n á ya fọ́tò mi, wọ́n á ní òórùn ẹja mi dára, wọ́n á sì padà wọlé lọ jẹ búrẹ́dì.”

Ètò rẹ̀ ni pé kí oníbàárà ra ẹja fúnra rẹ̀ ní ẹnu àwọ̀n, kí ó gbé e wá fún òun, kí ó sì san owó iṣẹ́ àti ti òróró. A ra ọ̀kan nínú àwọn kútà náà. Ó gé e ní dọ́gbandọ́gba, ó sín in ní gbẹ́rẹ́ níhà méjèèjì, ó fi iyọ̀ àti ata gígún ra á, ó sì gbé e sínú òróró àgbọn tí òun tìkára rẹ̀ fún. Kò kánjú. Ọmọ wa kékeré bèèrè ní ẹ̀ẹ̀mẹrin bóyá ó ti jinná. Ìyá náà sì dá a lóhùn ní ẹ̀ẹ̀mẹrin pé ẹja kò gbọ́ Yorùbá. Nígbà tí ó yá, ó kó o sórí ewé, ó wọ́n ata tútù tí a fi ọlọ lọ̀ pẹ̀lú àlùbọ́sà sí i, ó sì bu gàrí tí a fi omi díẹ̀ rẹ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. A ti jẹ ẹja ní oríṣiríṣi ibi, ní ilé àwọn ọlọ́lá àti ní ibi àsè ìgbéyàwó, ṣùgbọ́n a kò tí ì jẹ irú èyí tí èèpo rẹ̀ ń dún lẹ́nu tí inú rẹ̀ sì funfun tí ó tutù bí ẹni pé kò tí ì mọ̀ pé òun ti kúrò nínú omi. Àwa mẹ́sàn-án kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Ìdí igi àgbọn yìí ni ó gba ipò kìíní nínú gbogbo ibi tí a ti jẹun, a kò sì ní fi ọ̀rọ̀ náà falẹ̀. Àwọn yòókù wà, wọ́n sì dára ní ọ̀nà tiwọn.

Ní apá ìlú, ní òdìkejì ọ̀sà, ọ̀pọ̀ àlejò ni ó ń wá wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn òyìnbó ìjọ C.M.S. kọ́ tán ní 1845, èyí tí a ń pè ní àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà, àti ilé tí a ti ń há àwọn ẹrú mọ́ kí a tó kó wọn rékọjá. Wọ́n á gbọ́ ìtàn, wọ́n á mí kanlẹ̀, wọ́n á sì sáré padà sínú mọ́tò kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ má baà ká wọn mọ́ ọ̀nà. Kò sí ẹni tí ó sọ fún wọn pé bí wọ́n bá rìn díẹ̀ sí i ní ẹ̀bá ọ̀sà, wọn yóò bá àwọn obìnrin tí ń ta ẹ̀kọ líle tí àwọn Ẹ̀gùn ń pè ní àkàsà, pẹ̀lú epìyà yíyan àti akàn inú ata. Nípa ti akàn, a dúró lórí rẹ̀ pé ti ọ̀sà borí ti òkun, nítorí ó lẹ́ran nínú ó sì ládùn. Ẹni tí kò bá gbà, kí ó kọ ìwé sí Olóòtú. Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni kí ènìyàn dé ibẹ̀. Bí ó bá di agogo mẹ́fà, ìsàlẹ̀ ìkòkò ni yóò bá.

Ọjà Àgbàlátà ńkọ́? Bí ó bá bọ́ sí ọjọ́ ọjà, ẹ lọ, ẹ ra àgbọn àti baba dúdú fún àwọn ọmọ, kí ẹ sì jẹ ohun tí àwọn alágbàrù ń jẹ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi ìsinmi.

Nísinsìnyí ó kan ohun tí ó mú wa kọ ìwé yìí. Ní ọjọ́ kẹta, nítorí pé ọ̀rẹ́ wa tí a jọ lọ fẹ́ jókòó sórí àga gidi kí a sì fi síbí jẹun, a lọ sí ilé oúnjẹ kan tí ó ní ọgbà àti géètì, tí a kò ní í dárúkọ rẹ̀. Ìwé oúnjẹ tí a gbé fún wa ní àwòrán ìgbì òkun lára, ó sì wí pé ẹja òkun ni a ń tà níbẹ̀. A dúró fún wákàtí kan àbọ̀. Nígbà tí àwo dé, a wo ẹja náà, ẹja náà sì wò wá. Títúsì ni, ẹja yìnyín, èyí tí àwọn ará òkè ń pè ní òkú Èkó. A rọra bi ọmọkùnrin tí ó gbé e wá léèrè ibi tí a ti rí i. Ọmọ rere ni, kò purọ́: ó ní inú yàrá yìnyín ní Èkó ni wọ́n ti ń rà á wá ní páálí. Láti orí àga tí a jókòó sí, a ń gbọ́ orin àwọn tí ń fa àwọ̀n. Ẹja tí ó wọ ọkọ̀ ojú omi láti ilẹ̀ òkèèrè, tí ó gba èbúté Àpápá wọlé, tí ó sùn ní yàrá yìnyín, tí ó tún wọ mọ́tò dé Badagry, òun ni a fi ń ṣe àlejò ní ibi tí kò ju igba ìṣísẹ̀ lọ sí omi! Owó àwo mẹ́ta níbẹ̀ ì bá bọ́ wa ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́ ní ìdí igi àgbọn.

Kí a má ṣe ojúsàájú. Ilé náà mọ́. Omi ẹ̀rọ wà, ilé ìyàgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀kùn àti ọṣẹ, ìyá àwọn ọmọ wa sì sọ fún wa gbangba pé nítorí èyí nìkan, òun kò kábàámọ̀ owó náà. A gbà fún un. Ẹni tí ó bá ní ọmọdé márùn-ún lẹ́yìn mọ ohun tí ó ń wí. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a pe nǹkan ní orúkọ rẹ̀: ilé ìyàgbẹ́ àti àga ni a ń san owó fún ní àwọn ilé ológéètì, ẹja kọ́.

Àwọn kan yóò wí pé oúnjẹ ẹ̀bá ọ̀nà léwu. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, a dé ibì kan tí ẹja rẹ̀ ti rí oòrùn jù, a sì fi sílẹ̀ fún olówó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Kí ènìyàn ṣí ìjàgbọ̀n ẹja wò bóyá ó pupa. Kí ó wo ojú rẹ̀ bóyá ó mọ́ kedere. Kí ó wo omi tí a fi ń fọ abọ́. Kí ó sì wo ibi tí àwọn apẹja fúnra wọn ti ń jẹun, nítorí wọn kò ní í fi owó òógùn wọn ra ẹja tí ó ti bàjẹ́. Ní oṣù Keje àti Ìkẹjọ, nígbà tí ìgbì ń ru tí ọkọ̀ kì í lè jáde bí ó ti yẹ, ẹja gbígbẹ ni kí ó bèèrè fún.

Ohun kan tún wà tí ó bà wá nínú jẹ́ ju ti ẹja yìnyín lọ. A rí àwọn ọlọ́lá tí wọ́n san owó ilé ológéètì láìsọ̀rọ̀, tí wọ́n tilẹ̀ fi ẹ̀bùn lé e fún ọmọ tí ó gbé àwo. Àwọn kan náà ni wọ́n dúró níwájú ìyá arúgbó yìí fún ìdajì wákàtí, tí wọ́n ń ná an ní orí owó tí kò lè ra ìgò omi kan. Wọ́n ní ó gbówó lé e nítorí pé ó rí ará Èkó. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Àwa náà ì bá gbé e lé e.

Ní Ọjọ́ Ẹtì Rere, a rí ohun tí a kò retí. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó àti Pópó Àgùdà mọ̀ pé ọjọ́ náà kò pé láìsí fréjọ̀n, ẹ̀wà tí a sè títí ó fi rọ̀, tí a lọ̀ kúnná, tí a sì fi omi tí a fún láti inú àgbọn rírin àti ṣúgà pò. Àwọn Àgùdà tí ó ti ilẹ̀ Brazil padà wá ní ọ̀rúndún tí ó ṣáájú èyí tí a bí wa sí ni ó kó o wá, orúkọ rẹ̀ kò sì ju “ẹ̀wà” lọ ní èdè àwọn Potogí. A ti gba kámú pé a óò pàdánù rẹ̀ ní ọdún náà. Àfi bí ìyá arúgbó ti rán ọmọ sí wa pé kí a wá sí ilé ọ̀rẹ́ òun kan, obìnrin Èkó tí ó fẹ́ ọkọ sí etí òkun náà, tí ó ń sè é ní ọdọọdún fún ẹnikẹ́ni tí ó bá mú abọ́ wá. Àgbọn tí ó fi sè é ti orí igi tí ó wà ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ bọ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an. A jẹ ẹ́ pẹ̀lú ọbẹ̀ ata àti ẹja ọ̀bọ̀kún, a sì rántí ìyá wa tí ó bí wa. Nígbà tí a gbójú sókè, ta ni a rí ní ẹ̀gbẹ́ kejì àgbàlá, tí ó ń fi ìka lá abọ́? Ọkùnrin oníṣòkòtò péńpé láti Sùúrùlérè ni. Ó ní ẹja òun ti tán. A kò bi í bóyá jíjẹ ni ó jẹ ẹ́ tán tàbí ó sọ ọ́ nù.

Obìnrin Èkó yìí ni ó ṣí wa lójú sí ọ̀ràn kan tí a kò kíyè sí. Ó ní ìdí agbada ìyá arúgbó kì í ṣe ibi tí a rí i yẹn tẹ́lẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti ní kí ó ṣípò, nítorí pé àwọn tí ó ra ilẹ̀ ń mọ ọgbà. A jáde lọ wò ó. Lóòótọ́, ọ̀nà tí àwọn afàwọ̀n ń gbà dé omi ti di àlàfo láàárín ògiri méjì, bẹ́ẹ̀ ni ìdí okùn àwọ̀n ń fẹ́ àyè gbọọrọ. Ọ̀kan nínú àwọn ògiri náà, àwa ni a sùn ní ẹ̀yìn rẹ̀.

Kì í ṣe ọ̀ràn Badagry nìkan. Ní oṣù Kínní 2020, àwọn ọmọ ogun ojú omi lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún olùgbé kúrò ní Tarkwa Bay, ní ẹnu ọ̀nà èbúté Èkó, níbi tí ọ̀pọ̀ nínú yín ti jẹ ẹja yíyan rí. Ní 2024, nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀nà ńlá etí òkun tí yóò ti Èkó dé Calabar, a wó ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ àti ìsọ̀ ní etí òkun Oniru. A kò wí pé ọ̀nà kò dára, a sì mọ̀ pé àwọn tí ó ní ìwé ilẹ̀ rí ẹni bá jà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò san owó gbà-má-bínú fún òkúta mẹ́ta àti agbada kan?

Nítorí náà, a ń bẹ àwọn aláṣẹ ìbílẹ̀ Badagry kí wọ́n fi àmì sí ibi tí àwọn afàwọ̀n ń gúnlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má lè mọ ọgbà síbẹ̀, kí wọ́n sì ṣe ohun mẹ́ta síbẹ̀ fún àwọn olóúnjẹ: omi, ilé ìyàgbẹ́, àti òrùlé páànù. Kí wọ́n jọ̀wọ́ má ṣe kọ́ ọjà ìgbàlódé fún wọn. A ti rí i rí ní ibòmíràn: a kọ́ ìsọ̀ fún olóúnjẹ, ẹni tí ń ta fóònù ni ó gba kọ́kọ́rọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé tí a ń háyà, ẹ̀yin náà ní ipa tiyín. Ní ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé tí a sùn, òfin mẹ́tàdínlógún ni a lẹ̀ mọ́ ọn. A kò gbọdọ̀ ṣe báyìí, a kò gbọdọ̀ ṣe báun. Ẹ bá wa fi ẹyọ ìlà kan kún un, kí ẹ kọ ibi tí ìyá ti ń dín ẹja sí i, àti agogo tí àwọ̀n ń gúnlẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, bí ọkọ̀ wa ti fẹ́ ṣí, ìyá arúgbó rán ọmọ-ọmọ rẹ̀ sí wa pẹ̀lú ṣawá gbígbẹ tí a fi ìwé wé. Ó ní bí a bá ń bọ̀, kí a fi iye wa ránṣẹ́ ní ọjọ́ méjì ṣáájú, kí òun lè bá àwọn afàwọ̀n sọ ọ́. A ti san owó ilé náà fún Kérésìmesì. Àwa mẹ́sàn-án ni, àti ọkùnrin Sùúrùlérè, òun àti ìyàwó rẹ̀. A ti sọ fún un pé kí ó fi abọ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní ilé.